Fótò Tí Wọn Ò Rí Yà ní Orí Àpáta

Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ pe Bọ́lánlé sí ilé ìlera Orí Àpáta kò ju pé kó wá rẹ́rìn-ín lọ. Bí Àpọ́sítélì Dúrótoyè ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn lẹ́yìn ìsìn. Ó ní àjọ kan ń bọ̀ láti Àkúrẹ́, Ìlera Kárí lorúkọ wọn, wọ́n fẹ́ kí ilé ìlera àti àwọn ará ìlú máa fọwọ́ sowọ́ pọ̀, kí ìtọ́jú lè kárí olówó àti tálákà, ará ìlú àti ará abà. Nítorí náà, kí àwọn obìnrin ìjọ wọ sùtánà funfun wá, kí wọ́n tò síwájú, kí wọ́n rẹ́rìn-ín, kí wọ́n ya fótò. "Funfun máa ń mú fótò dára," ni bàbá wí, ó sì fọwọ́ tún irùngbọ̀n ara rẹ̀ ṣe bí ẹni pé wọ́n ti ń yà á lọ.

Bọ́lánlé ni Ìyá Ìjọ. Gbogbo obìnrin inú ṣọ́ọ̀ṣì aládùúrà náà, òun ni olórí wọn, àmùrè búlúù tó máa ń so mọ́ ìbàdí sùtánà ló sì fi ipò náà hàn. Ó ti lé díẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún. Ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé fi oko kòkó sílẹ̀ fún un lọ́nà Ofosu, Ọlọ́run sì fún un ní ẹnu. Ẹnu yẹn làwọn ará Odode-Ìdànrè mọ̀ mọ́ ọn ju oko lọ. Wọ́n ní bí Bọ́lánlé bá ti lè sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, kí èèyàn tètè wá ọ̀nà mìíràn gbà, torí àpáta Ìdànrè á kọ́kọ́ yẹ̀ kí obìnrin yẹn tó yẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí bàbá dárúkọ fótò yìí, kò jà, kò ráhùn. Ó ní, "Ó dáa, bàbá," ó sì lọ sílé. Àwọn tó mọ̀ ọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n ní ara rẹ̀ kò yá ni.

Ara rẹ̀ yá. Ọ̀rọ̀ Ayọ̀mípọ̀sí ló gbà á lọ́kàn.

Ayọ̀mípọ̀sí ni ìyàwó Olúlékè, ọmọ kan ṣoṣo tí Bọ́lánlé bí. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹsàn-án. Bọ́lánlé ló lọ mú un wá láti abà, kó má baà rọbí síbi tí ọ̀kadà kì í dé bí òjò bá rọ̀. Ó tẹ́ ẹní fún un, ó se ọbẹ̀ fún un, ó pọn omi fún un. Ohun kan ṣoṣo ni kò rí ṣe. Ọmọ náà ti fi àáké kọ́rí pé òun kò ní bímọ nílé ìlera, òun kò sì ní bímọ nílé àgbẹ̀bí ṣọ́ọ̀ṣì.

"Níbo lo wá fẹ́ bí i sí, ìyàwó mi?"

"Nínú yàrá tí mo wà yìí, Màmá. Yàrá kì í lé èèyàn."

Wọ́n jọ mọ ohun tó ń sọ. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí kòkó ń pọ́n lọ́wọ́, ilé àgbẹ̀bí ṣọ́ọ̀ṣì ni Ayọ̀mípọ̀sí ti rọbí àkọ́bí rẹ̀. Ìyá Jemima ló ń gbẹ̀bí níbẹ̀, obìnrin jẹ́jẹ́ tí kì í fi àdúrà bo ohun tí apá rẹ̀ kò bá ká. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí ọmọ kò sọ̀ kalẹ̀, ó ní, "Ọ̀rọ̀ yìí ti ju ọwọ́ mi lọ. Ẹ gbé e lọ sílé ìlera kíákíá." Bí wọ́n ṣe wà ni wọ́n ṣe gbé e lọ, òun nínú aṣọ funfun ilé àgbẹ̀bí, Bọ́lánlé nínú sùtánà, kò wọ bàtà, torí ẹni tó bá wọ sùtánà nínú ìjọ wọn kì í wọ bàtà. Ní géètì, Mọ́nsúrù mégàdì wo ẹsẹ̀ wọn, ó ní ti ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n, òun ò gbọdọ̀ ṣílẹ̀kùn fún ti ṣọ́ọ̀ṣì. Bọ́lánlé bẹ̀ ẹ́, ó ṣépè fún un, ó tún padà bẹ̀ ẹ́. Nọ́ọ̀sì kan yọjú lójú fèrèsé, ó béèrè bóyá wọ́n ní káàdì ibẹ̀. Wọn ò ní. Ó ní kí wọ́n máa lọ sí Àkúrẹ́. Inú takisí ni ọmọ náà wá bọ́ sílẹ̀ sí, ọkùnrin ni, òkú sì ni.

Èèyàn lè gba kádàrá lórí ọmọ tó kú. Ayọ̀mípọ̀sí gbìyànjú, ó sunkún, ó dìde, ó padà sóko. Ohun tí kò lè gbà ni lílé tí wọ́n lé e. Ikú, ó ní Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n géètì yẹn, ọwọ́ èèyàn ló tì í. Bọ́lánlé ní tiẹ̀ gbé gbogbo ẹ̀bi náà ka orí mátíróònù tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìlera. Olúbísí lorúkọ obìnrin náà, ọmọ ilé ọ̀mọ̀wé, oníṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, tó ń ti Àkúrẹ́ wá síbi iṣẹ́ láràárọ̀. Odidi ọdún kan ni Bọ́lánlé kò fi kí i. Bí wọ́n bá pàdé lọ́nà, á yí ojú sápá kejì bí ẹni tó gbóòórùn.

Wàyí o, Ìyá Jemima ti yẹ ikùn Ayọ̀mípọ̀sí wò, kò sì fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. "Ọmọ yìí tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, Ìyá Olúlékè. Mi ò ní fọwọ́ mi kàn án. Bí kò bá bí i nílé ìlera, à á pàdánù ọmọ, a sì lè pàdánù ìyá."

Ìdí nìyẹn tí Bọ́lánlé fi dákẹ́ fún Àpọ́sítélì. Ó rò ó pé ẹ̀rín lásán ni wọ́n ń béèrè. Bí ẹ̀rín bá lè ṣí géètì fún ìyàwó òun, òun á rẹ́rìn-ín títí eyín á fi gbẹ lẹ́nu òun. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ya fótò tán, òun á rọra fa mátíróònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òun á gbé ìgbéraga mì, òun á bẹ̀ ẹ́. Èyí tó kù ni bí òun ṣe máa mú Ayọ̀mípọ̀sí gbà láti wọlé. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ti tirẹ̀ yìí, ọmọ náà kò tíì délé ayé tí orí rẹ̀ ti ń wọ́.

Lọ́jọ́ fótò náà, nígbà tí Bọ́lánlé ń di àmùrè mọ́dìí, Ayọ̀mípọ̀sí jáde síta pẹ̀lú aṣọ àńkárá gbàgẹ̀rẹ̀ kan.

"Níbo lò ń lọ?"

"Mò ń bá yín lọ, Màmá. Mo fẹ́ wo ojú ẹni tó ní kí wọ́n lé mi."

Iwájú ilé ìlera ni wọ́n ta àtíbàbà sí, lórí àpáta pẹrẹsẹ tí àwọn èèyàn máa ń sá kòkó sí, torí inú ọgbà kò gba èrò. Ẹ̀yìn àtíbàbà náà ni géètì wà, Mọ́nsúrù sì dúró tì í nínú aṣọ iṣẹ́ tuntun tí ìlà ayọ́ọ̀nù rẹ̀ ṣì hàn. Wọ́n to àga rọ́bà fún àwọn àlejò, wọ́n to omi inú ike sórí tábìlì tí wọ́n da aṣọ bò, wọ́n sì ta báńnà tí wọ́n kọ orúkọ àjọ sí. Àwọn obìnrin ìjọ ní tiwọn, wọ́n ní kí wọ́n jókòó sórí àpáta lẹ́gbẹ̀ẹ́, torí àga kò kárí. Ìlera ló fẹ́ kárí, àga kò sí nínú àdéhùn. Prosper onífótò ń sá sókè sá sódò, ó ń wo ibi tí oòrùn wà, ó ń sọ fún àwọn ìyá àgbàlagbà pé kí wọ́n sún, kí wọ́n tún sún padà.

Ọ̀gá àwọn àlejò, Ọ̀gbẹ́ni Olútìmẹ́hìn, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ọkùnrin tó mọ̀wàáhù ni, ó kí gbogbo èèyàn tán, kí ó tó ti Yorùbá bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì tí kò sì padà jáde bọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń pè lemọ́lemọ́ bí ẹni ń jẹ gúgúrú: patinaṣíìpù. Patinaṣíìpù yìí, patinaṣíìpù yẹn. Ìyá kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bọ́lánlé bi í bóyá oògùn tuntun ni. Bọ́lánlé ní kó dákẹ́, ó ní bóyá ó máa ṣiṣẹ́.

Àpọ́sítélì Dúrótoyè ló gba máíkì tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá mọ bàbá yìí á mọ̀ pé bí wọ́n bá gbé máíkì fún un, ọwọ́ lásán kọ́ ni wọ́n máa fi gbà á padà. Ó yin Ọlọ́run, ó yin ìjọba, ó yin àjọ, ó yin ara rẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní:

"Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́, ohun tí ẹ gbé wá yìí, kì í ṣe tuntun fún wa. Àwa ti ń ṣe é níbí tipẹ́. Kí mátíróònù yìí tó dé rárá, èmi àti ọ̀gá tó ṣáájú rẹ̀ ti jọ jókòó. Ìjà kò tán láàárín wa nígbà náà. Obìnrin á bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, á lọ parí rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Bí nǹkan bá ṣe é, wọ́n á ní àwa ni, àwa náà á ní àwọn ni. A wá pààlà. Mo ní ẹni tó bá ti mu omi àdúrà lọ́dọ̀ wa, tiwa ni, kí wọ́n má gbà á. Àwọn náà ní ẹni tó bá ti gba káàdì lọ́dọ̀ àwọn, tàwọn ni, kí àwa náà má gbà á. A fọwọ́ síwọ́. Látìgbà náà, kò sí ìjà mọ́. Àlàáfíà ló kù."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Bọ́lánlé náà ti gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kí ọ̀rọ̀ náà tó wọ̀ ọ́ lára.

Ọwọ́ náà dúró sókè. Ó wo bàbá níbi tó dúró sí. Bí àwọn àgbẹ̀ ṣe máa ń gbin pèrègún sáàárín oko méjì kí ẹnikẹ́ni má baà ré kọjá, bẹ́ẹ̀ ni àwọn wọ̀nyí ṣe jókòó sínú yàrá kan tí wọ́n gbin pèrègún sáàárín àwọn obìnrin. Orí pèrègún yẹn ni ìyàwó rẹ̀ wá lọ rọbí sí. Odidi ọdún kan ló fi ń yí ojú kúrò lára mátíróònù, bẹ́ẹ̀ ìdajì ìbínú yẹn, iwájú pẹpẹ tó ń kúnlẹ̀ sí lọ́jọ́ọ̀sinmi ló yẹ kó kó o lọ. Nígbà tó wẹ̀yìn, ó rí Ayọ̀mípọ̀sí tó ń wo bàbá, ọwọ́ rẹ̀ lórí ikùn. Òun náà ti gbọ́.

"Ẹ̀yin màmá wa," Prosper ń pè, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síwájú báńnà. Ẹ tò wá. Ìyá Ìjọ láàárín."

Àwọn obìnrin dìde, wọ́n ń gbọn sùtánà. Bọ́lánlé kò dìde.

"Ìyá Ìjọ," Àpọ́sítélì wí pẹ̀lú ẹ̀rín, "ẹ̀yin là ń retí."

"Ẹ máa retí, bàbá."

Wọ́n kọ́kọ́ rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó yíjú sí àwọn obìnrin, ó sì fi èdè Ìdànrè tí àwọn ìyá wọn ń sọ bá wọn sọ̀rọ̀, kíákíá, láìgbé ohùn sókè, pé kí wọ́n jókòó, pé òun kò ya fótò kankan lónìí. Ìyá Jemima ló kọ́kọ́ jókòó. Ẹni tó tẹ̀ lé e jókòó. Kò pẹ́ tí gbogbo funfun náà fi padà wálẹ̀ sórí àpáta, Prosper sì dúró pẹ̀lú kámẹ́rà rẹ̀ níwájú báńnà tí ẹnikẹ́ni kò dúró sí.

Ọ̀gbẹ́ni Olútìmẹ́hìn sáré wá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ọmọlúwàbí. "Màmá, kí ló dé? Ṣé oòrùn ni? Ṣé kí wọ́n fún yín lómi?"

"Omi kọ́, ọmọ mi."

"Fótò yìí ṣe pàtàkì fún wa gan-an ni, Mà. Òun la máa fi hàn àwọn tó rán wa níṣẹ́ pé àwọn ará ìlú wà pẹ̀lú wa."

"Mo gbọ́. Ìdí tí mi ò fi ní yà á nìyẹn. A ò tíì wà pẹ̀lú yín."

Ó dìde wàyí, kò sì gba máíkì. Ẹnu tí Ọlọ́run fún un tó o. "Bàbá Àpọ́sítélì, mo fẹ́ bi yín léèrè níwájú àlejò, torí iwájú àlejò lẹ ti sọ ọ́. Lọ́jọ́ tí ẹ pààlà yẹn, obìnrin wo ló wà níbẹ̀?"

Bàbá wúkọ́. "Ìyá Ìjọ, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ibí."

"Ta lẹ bi? Ìyá Jemima tó ń gbẹ̀bí, ṣé ẹ bi í? Èmi tí ẹ fi ṣe Ìyá Ìjọ, ṣé ẹ bi mí? Àwa lẹ jókòó tí ẹ ń pín. Bàbá, ẹran tó ti kú ni wọ́n máa ń pín. Àwa wà láàyè."

Àwọn obìnrin dáhùn, "Hẹn-ẹn."

"Àwọn àgbà ní bí erin méjì bá ń jà, koríko ibẹ̀ ló ń jìyà. Mo mọ ìyẹn. Mi ò tíì gbọ́ ọ rí pé bí erin méjèèjì bá parí ìjà, koríko náà ni wọ́n tún máa jọ jẹ. Géètì yẹn," ó nawọ́ sí i, "ibẹ̀ ni mo kúnlẹ̀ sí lọ́dún tó kọjá pẹ̀lú aṣọ tí mo wọ̀ lónìí. Ìyàwó ọmọ mi wà lẹ́yìn mi, ó ń rọbí. Aṣọ tí ẹ ní ó máa mú fótò yín dára yìí ni wọ́n wò tí wọ́n fi lé wa. Mo gbà pé ìkà ni wọ́n. Mi ò mọ̀ pé àdéhùn ni. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin, bàbá tó gbàdúrà lé mi lórí nítorí ọmọ tó kú yẹn, ẹ̀yin náà wà nínú àwọn tó ti géètì."

Àpọ́sítélì ti sọ ẹ̀rín nù. "Ìyá Ìjọ, ẹ rántí ibi tí ẹ wà. Èmi ni mo fi yín sípò yẹn. Mo lè yọ yín."

Bọ́lánlé tú àmùrè búlúù náà kúrò nídìí, ó ká a dáadáa bí ìyá ṣe ń ká aṣọ ọmọ, ó rìn lọ síbi tábìlì pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, ó sì fi lélẹ̀ níwájú bàbá, láàárín àwọn ike omi. "Ẹ gbà á. Sùtánà ò ní lè tẹ̀ lé e o, èmi ni mo ra aṣọ ẹ̀ tí mo sì rán an."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó sì tètè bo ẹnu. Ìyá Jemima ti dìde, òun náà ń tú àmùrè funfun tirẹ̀. Ojú Àpọ́sítélì le.

"Ẹ̀yin náà, Ìyá Jemima?"

"Èmi gan-an, bàbá. Èmi ni mo rán wọn lọ sí géètì yẹn. Mo ní kí wọ́n sáré. Ẹ ò sọ fún mi pé ẹ ti tì í." Ó gbé àmùrè náà lé ti Bọ́lánlé lórí.

Gbólóhùn yẹn ló mú mátíróònù dìde láàárín àwọn àlejò. Látìgbà tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ ló ń wò. "Màmá," ó ní, Bọ́lánlé ló ń bá sọ̀rọ̀, "nígbà tí mo dé ibí, wọ́n sọ fún mi pé ẹ̀yin ará ṣọ́ọ̀ṣì lẹ bẹ̀bẹ̀ pé ká má gba àwọn èèyàn yín. Mo rò pé ohun tí ẹ fẹ́ nìyẹn."

"Ẹ ò wá bi wá."

"Mi ò wá bi yín. Wọ́n sọ ti ọmọ yẹn fún mi lọ́jọ́ kejì. Mo bínú, ṣùgbọ́n mo ní ìlànà ni. Ó yẹ kí n ti fagi lé e lọ́jọ́ náà."

"Ó yẹ bẹ́ẹ̀," ni Bọ́lánlé wí. Kò fi oyin sí i.

Ọ̀gbẹ́ni Olútìmẹ́hìn fẹ́ pa iná. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ní ọ̀rọ̀ yìí dára púpọ̀, ó ní irú ohùn tí àjọ ń fẹ́ gbọ́ gan-an nìyí, àwọn á kọ ọ́ sílẹ̀, ìgbìmọ̀ á sì jókòó lé e lóṣù tó ń bọ̀. Ní báyìí, tí ẹ̀yin màmá bá lè kàn bọ́ síwájú díẹ̀.

"Oyún kì í dúró de ìgbìmọ̀," Bọ́lánlé wí. "Ẹ gbọ́ ohun tí a fẹ́, kò pọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá rọbí dé géètì yìí, kó wọlé, ì báà wọ sùtánà, ì báà wọ aṣọ oko, ì báà mu omi àdúrà, ì báà mu àgbo. Ẹni tó bá bá a wá, kó bá a wọlé, kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà mìíràn tí ẹ bá sì fẹ́ jókòó lé wa lórí, ẹ pè wá. A mọ̀ ọ́n jókòó. Ẹ ń wò wá."

"Màmá, nǹkan wọ̀nyí ní ètò tí—"

"Láti òní," mátíróònù wí.

Ọ̀gbẹ́ni Olútìmẹ́hìn yíjú sí i. "Mátíróònù, ẹ ṣe sùúrù ná. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ fún—"

"Ọ̀gá, kò sí ẹni tó kọ̀wé kí wọ́n tó tì í. Ẹnu ni wọ́n fi tì í. Ẹnu náà ni mo fi ń ṣí i. Bí wọ́n bá fẹ́ bi mí léèrè, ilé mi ò sá lọ." Ó pe mégàdì. "Mọ́nsúrù, ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Mà." Ó fọwọ́ họ orí. "Ti ṣọ́ọ̀ṣì náà?"

"Kò sí ti ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Gbogbo ẹni tó bá ti dé."

Àpọ́sítélì Dúrótoyè béèrè ta ni yóò wá máa gbẹ̀bí fún ìjọ òun bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìyá Jemima dá a lóhùn jẹ́jẹ́ pé òun ṣì wà níbẹ̀ bí bàbá bá fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ju ọwọ́ òun lọ, òun fúnra òun ni yóò mú un wá síbí, òun á sì bá a wọlé. Bí bàbá kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, kí bàbá máa gbẹ̀bí fúnra rẹ̀. Ẹ̀rín bú sórí àpáta. Bàbá kò rí i bí ẹ̀rín. Ó kó àmùrè méjèèjì, ó wọnú mọ́tò rẹ̀, ó sì lọ. Bọ́lánlé ń wò ó lọ. Ọdún tó ti fi sin ìjọ yẹn kò kéré, ó sì dùn ún débi egungun. Bí wọ́n bá ní kó tún ṣe é, á tún ṣe é.

Ọkàn Ọ̀gbẹ́ni Olútìmẹ́hìn balẹ̀ díẹ̀ wàyí. Ó pàtẹ́wọ́, ó ní ọ̀rọ̀ ti parí, ó sì ṣẹ́jú sí Prosper. Prosper gbé kámẹ́rà sókè. Àwọn obìnrin kan ti ń dìde.

"Tèmi ò tíì parí," ẹnì kan wí.

Ayọ̀mípọ̀sí ni. Ó ti fọwọ́ ti àpáta dìde, ó dúró pẹ̀lú àńkárá rẹ̀ gbàgẹ̀rẹ̀, kò wo ẹnikẹ́ni lójú àfi mátíróònù.

"Ẹ sọ̀rọ̀ dáadáa, Mà. Ṣùgbọ́n ẹnu náà ni wọ́n fi lé mi. Mo fẹ́ wọlé."

"Ṣé ara ń ro ọ́ ni? Ṣé o ti ń rọbí?"

"Rárá. Mo fẹ́ rí i bóyá ó ń ṣí."

Ó tẹsẹ̀ lọ síbi géètì. Bọ́lánlé tẹ̀ lé e, ẹ̀rù ń bà á ju ìgbà tó dojú kọ Àpọ́sítélì lọ, torí bí ọmọ yìí bá yí ẹ̀yìn padà lẹ́nu géètì yìí, kò ní padà wá mọ́. Mọ́nsúrù wo ẹsẹ̀ Bọ́lánlé tí kò ní bàtà. Ó jọ pé ìwà tó ti mọ́ ọn lára fẹ́ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló fa ìdè irin náà, ó ṣí géètì gbayawu, ó sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ẹ má bínú, Màmá," ó wí. Bọ́lánlé kò ṣetán láti dárí jì í. Ó kọjá.

Yàrá ìgbẹ̀bí kò tóbi. Bẹ́ẹ̀dì kan wà níbẹ̀, kọ́bọ́ọ̀dù kan, iná kan lókè àjà tí mátíróònù tàn kí wọ́n lè ríran dáadáa. Ayọ̀mípọ̀sí tẹ tìmùtìmù bẹ́ẹ̀dì náà wò bí ẹni ń yẹ ewùrà wò lọ́jà. Ó bi mátíróònù bí ọmọ bá tóbi jù, kí ni wọ́n máa ṣe. Mátíróònù ṣàlàyé fún un, kò kánjú, kò sọ Gẹ̀ẹ́sì: ohun tí àwọn lè ṣe níbí, ohun tí àwọn kò lè ṣe, àti bí òun fúnra òun ṣe máa bá a wọ mọ́tò dé Àkúrẹ́ bó bá di dandan. Ayọ̀mípọ̀sí gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ó wo gbogbo igun yàrá náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Níbo ni ìyá mi máa jókòó sí?"

Mátíróònù náà wò yíká, bí ẹni pé kò wọ yàrá yẹn rí. "Kò sí àga níbí. Wọn kì í... kì í sí ẹni tó ń bá wọn wọlé."

"Ẹ gbé àga wá nígbà náà."

Obìnrin náà kò rán ẹnikẹ́ni. Òun fúnra rẹ̀ ló jáde lọ sábẹ́ àtíbàbà, ó gbé àga rọ́bà kan láti ìlà iwájú, èyí tí Àpọ́sítélì dìde kúrò lórí rẹ̀, ó gbé e kọjá lójú gbogbo àlejò, ó sì gbé e kalẹ̀ níbi orí bẹ́ẹ̀dì. Prosper ti tẹ̀ lé e dẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kámẹ́rà, Ọ̀gbẹ́ni Olútìmẹ́hìn wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń na ọrùn.

"Màmá, ẹ dákun," Prosper wí, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀, "ibi tí ẹ wà yìí gan-an, ẹ jẹ́ kí n yà á. Ó dára ju ti báńnà lọ."

Bọ́lánlé wo Ayọ̀mípọ̀sí. Ayọ̀mípọ̀sí mi orí pé rárá.

"Yàrá ìgbẹ̀bí nìyí, ọmọ mi," Bọ́lánlé wí. "Ẹ máa lọ sí Àkúrẹ́."

Mátíróònù ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn lójú. Wọ́n gbọ́ tí àwọn ará àjọ ń dúró lóde, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, kí wọ́n tó gbọ́ tí ẹsẹ̀ wọn ń lọ. Ayọ̀mípọ̀sí gun bẹ́ẹ̀dì, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nítorí ikùn, ó sì na ọwọ́ síbi àga.

"Ibí ni mo máa bí i sí," ó wí. "Ẹni tó bá fẹ́ lé mi, kó kọ́kọ́ gbé ìyá mi kúrò lórí àga yẹn."

Bọ́lánlé gba ọwọ́ náà mú, ó jókòó sórí àga náà, ó sì fìdí múlẹ̀ dáadáa.